Ta Ni Ó Ń Gbé Etí Adágún Rara Tẹ́lẹ̀?

Igbó ọba Rara wà láàárín àwọn òkè Himalaya, ní orílẹ̀-èdè Nepal. Adágún tó tóbi jù lọ ní ilẹ̀ náà wà níbẹ̀, ní nǹkan bíi 3,000 mítà sókè òkun. Àwọn àlejò ń fẹsẹ̀ rìn lọ wo adágún yìí, wọ́n sì ń retí láti rí béárì dúdú tàbí àmọ̀tẹ́kùn. Ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà nípa rẹ̀, mo rò pé ènìyàn kò gbé ibẹ̀ rí. Mo ṣìnà. Abúlé méjì, Rara àti Chhapru, ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí ìjọba dá igbó ọba náà sílẹ̀ ní ọdún 1976, wọ́n kó àwọn ará abúlé wọ̀nyí lọ sí Bardiya, ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí ooru ti ń mú. Ilé làbọ̀ sinmi oko. Tiwọn ti di igbó ẹranko.

Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn ni? Ní ọdún 1976 kan náà, Nepal dá igbó ọba Sagarmatha sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ òkè Everest, ṣùgbọ́n àwọn Sherpa kò kúrò ní abúlé wọn. Títí di òní, wọ́n ń dáko níbẹ̀, wọ́n sì ń gba àlejò sílé.

Ó yẹ kí a dáàbò bo ẹranko. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń yin ìdákẹ́jẹ́ Rara, kí ó rántí àwọn tí wọ́n kó kúrò níbẹ̀.