Ojú Ọ̀run Òkè-Ògùn: Láti Ìràwọ̀ Arìnrìn-àjò dé Àwòrán Òru

Ojú ọ̀run kò ní ibodè. Ẹni tí ó sùn ní Èkó àti ẹni tí ó sùn ní Ṣakí, abẹ́ ìbòrí kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Ṣùgbọ́n ohun tí wọn yóò rí bí wọ́n bá gbójú sókè lóru kò dọ́gba. Ní Èkó, iná ilé àti iná títì ti bo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìràwọ̀ mọ́lẹ̀. Ní pápá Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí àti Ìgbòho, níbi tí igi ti fọ́nká tí koríko sì gba ilẹ̀, ọ̀run ṣì ń tẹ́ rẹrẹ bí ènìyàn bá ti rìn díẹ̀ jáde kúrò láàárín ìlú. Irú ilẹ̀ báyìí ni àwọn tí ó fi yíya àwòrán ojú ọ̀run òru ṣe ìnàjú máa ń wá kiri. Wọn a rìn ìrìn-àjò, wọn a gbé kámẹ́rà kalẹ̀ lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, wọn a sì dúró de ìràwọ̀. Ohun tuntun ni ìnàjú yìí lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí a bá tọ ìtàn rẹ̀ lẹ́yìn, ṣùgbọ́n, a ó rí i pé arìnrìn-àjò àti ìràwọ̀ ti mọ ara wọn ní Òkè-Ògùn kí kámẹ́rà tó dé ayé.

Kí mọ́tò tó dé, ẹsẹ̀ àti ẹṣin ni a fi ń rìn. Oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn ní pápá kì í ṣe ohun tí ẹlẹ́rù lè fi ojú di, nítorí náà ìdájí ni ẹni tí ó gbọ́n máa ń gbéra. Ẹni tí ó bá jí ní ìdájí kò lè ṣe kí ó má mọ àgùàlà, nítorí pé lẹ́yìn òṣùpá kò sí ìmọ́lẹ̀ mìíràn lójú ọ̀run òru tí ó tó o. Bí ó bá sún mọ́ òṣùpá, àwọn ènìyàn a máa pè é ní ajá oṣù. Àwọn àgbà sì ti kìlọ̀ pé rírìn tí àgùàlà ń bá oṣù rìn ni ó mú kí àwọn kan rò pé ajá rẹ̀ ni. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ gbè wọ́n lẹ́yìn: oòrùn ni àgùàlà ń yí po, ní nǹkan bí ọjọ́ 225; ayé ni òṣùpá ń yí po. Wọ́n kàn ń pàdé lójú ẹni tí ń wò wọ́n ni, olúkúlùkù ni ó ní ọ̀nà tirẹ̀.

Kò tán síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà, oṣù, ni Yorùbá fi ń pe òṣùpá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé àti iye ọjọ́ tí a fi ń ka ọdún. Ní Ìsẹ́yìn àti Ṣakí, níbi tí àwọn Mùsùlùmí ti pọ̀, wíwo oṣù láti mọ ìgbà tí ààwẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò parí jẹ́ ọ̀ràn tí gbogbo ìlú ń fi etí sí. Nítorí náà, kì í ṣe eré nìkan ni ojú ọ̀run jẹ́ fún àwọn ará ibẹ̀. Aago ni, kàlẹ́ńdà ni, afinimọ̀nà sì ni pẹ̀lú.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1825, Hugh Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Scotland tí ó jẹ́ ọ̀gá nínú àwọn ọmọ ogun ojú omi, kúrò ní Àgbádárìgì láti lọ sí òkè. Richard Lander ni ìránṣẹ́ rẹ̀. Àìsàn pa nínú àwọn tí ó bá a wá kí ọdún náà tó parí, ṣùgbọ́n òun kò padà. Ní oṣù Kìíní ọdún 1826 ó gba Ṣakí kọjá, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 23 oṣù náà ó wọ Ọ̀yọ́-Ilé, tí òun ń pè ní Katunga. Ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi mọ bí a ti ń fi irinṣẹ́ wọn gíga oòrùn tàbí ti ìràwọ̀ sí etí ilẹ̀, kí a lè fi ìṣirò mọ ibi tí a dúró sí. Ohun tí ó ń fi wá ọ̀nà lórí òkun ni ó gbé wá sí pápá. Clapperton kú ní Sókótó ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin ọdún 1827, ìwé ìrìn-àjò rẹ̀ sì jáde ní 1829. Ní 1830, Richard Lander padà wá pẹ̀lú John àbúrò rẹ̀. Wọ́n tún gba Ṣakí lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé, wọ́n dé Bùsà, wọ́n sì bá odò Ọya lọ títí ó fi já sí òkun.

Àwọn arìnrìn-àjò wọ̀nyí lè kọ̀wé, wọ́n lè ya nǹkan pẹ̀lú kálàmù, ṣùgbọ́n kò sí kámẹ́rà lọ́wọ́ wọn. Ọdún 1839 ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde iṣẹ́ Daguerre fún gbogbo ayé ní Paris. Kò pẹ́ rárá tí àwọn ènìyàn fi kọjú rẹ̀ sí ọ̀run. Ní 1840, John William Draper ya òṣùpá ní New York. Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ni ó fi ṣí ojú ẹ̀rọ náà sílẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1850, William Bond àti John Whipple ya ìràwọ̀ Vega ní Harvard, èyí ni ìràwọ̀ àkọ́kọ́ tí a yà lẹ́yìn oòrùn. Ní 1880, Henry, ọmọ Draper, ya ìkùukùu ìmọ́lẹ̀ tí ó wà láàárín àwọn ìràwọ̀ Orion. Baba ya òṣùpá, ọmọ ya ohun tí ó jìnnà ju òṣùpá lọ.

Ohun tí ó mú iṣẹ́ náà nira ni pé ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ kéré, ayé sì ń yí. Ní wákàtí kan, ìràwọ̀ a sún ní dígírì 15 lójú ọ̀run. Bí kámẹ́rà bá dúró gbári tí a sì ṣí ojú rẹ̀ pẹ́, ìràwọ̀ kò ní jẹ́ ẹyọ mọ́, yóò di ìlà. Ọ̀rọ̀ sùúrù ni, ọ̀rọ̀ ìṣirò sì ni.

Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ti tún ìmọ̀ ayé ṣe nítòsí ilẹ̀ wa. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1919, Arthur Eddington ya àwòrán àwọn ìràwọ̀ tí ó hàn yí oòrùn ká nígbà tí òṣùpá bo oòrùn mọ́lẹ̀ ní erékùṣù Príncipe, tí ó wà nínú òkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Àwòrán yìí àti èyí tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yà ní Brazil ni a fi ti ọ̀rọ̀ Einstein lẹ́yìn, pé oòrùn a máa tẹ ìmọ́lẹ̀ tí ó bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ojú ènìyàn ni àwọn ayàwòrán kọ́kọ́ mú ní iṣẹ́. George da Costa fi iṣẹ́ ilé ìtàwé sílẹ̀ ní Èkó ní 1895, ó kọ́ iṣẹ́ fótò, ó sì di ẹni tí ìjọba gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́ láti ya bí a ti ń la ojú irin ní Àríwá. Oníbàárà ni ó ń bọ́ ayàwòrán: ìyàwó tuntun, ìbejì, olóyè, ọmọ tí ó gba ìwé ẹ̀rí. Ta ni yóò sanwó fún àwòrán àgùàlà? Fíìmù wọ́n, a kò sì lè mọ̀ bí àwòrán dára títí a ó fi fọ̀ ọ́. Ohun tí ó yí ọ̀ràn yìí padà ni èlò tí ń gba ìmọ́lẹ̀ láìlo fíìmù, èyí tí Willard Boyle àti George Smith gbèrò ní Amẹ́ríkà ní 1969, tí a sì fi ẹ̀bùn Nobel dá wọn lọ́lá fún un ní 2009. Láti ìgbà tí kámẹ́rà aláìlófíìmù ti wọ́pọ̀, tí fóònù pẹ̀lú sì ń ya àwòrán òru, ẹni tí kì í ṣe ọ̀mọ̀wé lè gbìyànjú rẹ̀.

Òkè-Ògùn sì ní ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń wá. Òkè Adó-Àwáyè wà nítòsí Ìsẹ́yìn, pẹ̀lú adágún Ìyàkẹ̀ lórí rẹ̀. Òkè Àsabàrí wà ní Ṣakí. Ọ̀yọ́-Ilé tí Clapperton wọ̀ sì ti wà nínú ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ láti 1991. Nítorí ibi tí ilẹ̀ náà wà, ìràwọ̀ Àríwá kò ga ju nǹkan bí dígírì mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án lọ sí etí ilẹ̀, nígbà tí àwọn ìràwọ̀ mẹ́rin tí Òyìnbó ń pè ní Àgbélébùú Gúúsù ń yọ ní ìhà kejì. Ṣùgbọ́n ìgbà kì í rí bákan náà. Ní ìgbà òjò, ìkùukùu a bo ọ̀run; bí ọyẹ́ bá dé, eruku a gba ojú sánmà. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ọ̀wọ́ ìràwọ̀ funfun tí ó la ọ̀run já ní ibi tí ó ti nípọn jù lọ, ìdájí oṣù Kẹta ni kí ó jí, gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rù àtijọ́ ti ń jí.

Òkùnkùn tí ó ń ṣe ìnàjú yìí lóore, ìyà ni fún ìyá tí ń gbẹ̀bí lójú àtùpà. Kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó sọ pé kí iná má dé Òkè-Ògùn nítorí ìràwọ̀. Ohun tí ó bọ́gbọ́n mu ni kí a fi ìbòrí sí orí iná títì kí ó lè kọjú sí ilẹ̀ tí a ń rìn. Ìmọ́lẹ̀ tí ó lọ sókè, òfò ni fún ẹni tí ó sanwó rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ iná nìkan kọ́ ni ó lè gba ọ̀run lọ́wọ́ wa. Ìgbàgbé pẹ̀lú lè gbà á. Ajàyí Crowther, ẹni tí ó ṣe ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó jáde ní 1843, ọmọ Ọ̀ṣoògùn ní apá Ìsẹ́yìn ni, níbi tí a ti kó o lẹ́rú ní 1821. Ní 1894, A. B. Ellis kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ìràwọ̀ ọkọ̀ ni Yorùbá ń pe ìràwọ̀ Sirius. Orúkọ ẹni tí ó mọ omi ni èyí. Pápá Ṣakí kò ní ọ̀sà. Nítorí náà ó yẹ kí a bi àwọn ọdẹ, àwọn àgbẹ̀ àti àwọn darandaran ibẹ̀ ní orúkọ tí àwọn ń pe ìràwọ̀ náà, kí àwọn àgbà tí ó mọ̀ ọ́n tó tán.

Clapperton wá ìwọ̀n ìràwọ̀, ayàwòrán òde òní wá ẹwà rẹ̀, méjèèjì dára. Ẹni tí ó bá tún gbé kámẹ́rà lọ sí Òkè-Ògùn, kí ó mú ìwé àti gègé pẹ̀lú. Kí ó fi àwòrán han àwọn àgbà ìlú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ó bèèrè orúkọ, kí ó sì kọ ọ́ sí abẹ́ àwòrán náà pẹ̀lú orúkọ ìlú tí ó ti gbọ́ ọ. Ìràwọ̀ yóò tún yọ ní ọdún tí ń bọ̀. Ẹni tí ó mọ orúkọ rẹ̀ lè má sí níbẹ̀ mọ́.