Ìròyìn Ẹlẹ́fẹ̀ àti Àpéjọ Àwọn Olóṣèlú ní Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, àwọn àgbà máa ń wí pé: «Ọba kì í mú ọ̀kọrin.» Ẹ̀yin ará Kétu mọ ohun tí òwe yìí ń sọ. Ẹ̀fẹ̀ máa ń jáde lóru, kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jó lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Yóò kọrin nípa olè, nípa àgbà tí kò hùwà àgbà, nípa olóyè tí ó jẹ owó ìlú. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn jókòó síbẹ̀, wọ́n ń gbọ́, wọn kò sì gbọdọ̀ bínú.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà pàápàá, àwọn kan wà tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ tí ó jọ èyí lórí tẹlifísọ̀n. Wọ́n ń wọ kóòtù, wọ́n ń so táì, wọ́n ń jókòó bí akọ̀ròyìn gidi, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. A fẹ́ sọ ìtàn wọn fún yín, nítorí pé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ fún gbogbo ẹni tí ó ń dìbò.

Kí ni àpéjọ ńlá ẹgbẹ́ òṣèlú?

Ẹgbẹ́ òṣèlú ńlá méjì ni ó wà ní Amẹ́ríkà: Dẹmókírátì àti Rìpọ́blíkánì. Ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin, kí ìdìbò ààrẹ tó dé, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń pe àwọn aṣojú rẹ̀ láti gbogbo ìpínlẹ̀ jọ sí ìlú kan fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fa ẹni tí yóò du ipò ààrẹ kalẹ̀. Láti ọdún 1831 ni àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ti ń ṣe irú àpéjọ yìí.

Láyé àtijọ́, iṣẹ́ gidi ni àpéjọ náà. Ẹni tí ó ń lọ kò mọ ẹni tí wọn yóò mú. Ní ọdún 1924, àwọn Dẹmókírátì pé jọ sí New York. Ìgbà 103 ni wọ́n dìbò kí wọ́n tó fẹnu kò lórí John W. Davis. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó túká. Nígbà tí ìdìbò gidi wá dé, Davis kò wọlé.

Ọdún 1968 ni nǹkan yí padà. Àwọn Dẹmókírátì pé jọ sí Chicago. Ogun Vietnam ń lọ lọ́wọ́, àwọn ọ̀dọ́ sì jáde láti sọ pé àwọn kò fẹ́ ogun náà mọ́. Àwọn ọlọ́pàá lù wọ́n ní ìgboro, tẹlifísọ̀n sì fi í han gbogbo ayé. Nínú gbọ̀ngàn, wọ́n fa Hubert Humphrey kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò bá ẹnikẹ́ni díje nínú ìdìbò abẹ́lé kankan. Èyí bí ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ nínú, wọ́n sì yí òfin padà. Láti ọdún 1972, ìdìbò abẹ́lé ní àwọn ìpínlẹ̀ ni ó ń sọ ẹni tí yóò díje. Kí àpéjọ tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo ènìyàn ti mọ orúkọ rẹ̀.

Ẹ rò ó wò. Bí ìyàwó bá ti wọlé ọkọ, tí ó ti bímọ, kí ni ìdána tí a wá ń ṣe lẹ́yìn náà? Àríyá lásán ni. Ohun tí àpéjọ náà dà nìyẹn. Ní ọdún 1972 kan náà, ìwé ètò àpéjọ àwọn Rìpọ́blíkánì ní Miami bọ́ sí ọwọ́ àwọn akọ̀ròyìn. Wọ́n rí i pé ìgbà tí àwọn ènìyàn yóò pàtẹ́wọ́, àti ìgbà tí wọn yóò hó yèè, ni a ti kọ sínú ìwé náà ṣáájú.

Iṣẹ́ akọ̀ròyìn di ìṣòro

Bí àpéjọ ti di eré, kí ni akọ̀ròyìn yóò máa ròyìn? Ní ọdún 1996, akọ̀ròyìn àgbà kan tí à ń pè ní Ted Koppel lọ sí àpéjọ àwọn Rìpọ́blíkánì ní San Diego. Kí àpéjọ náà tó parí, ó ní kò sí ìròyìn kankan níbẹ̀, pé ìpolówó ọjà ni. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó padà sílé.

Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ṣe bí tirẹ̀ kò pọ̀. Ní ọdún 2000, nǹkan bí akọ̀ròyìn 15,000 ni wọ́n lọ sí àpéjọ kọ̀ọ̀kan, nígbà tí àwọn aṣojú ẹgbẹ́ Rìpọ́blíkánì kò ju 2,000 àti díẹ̀ lọ. Ẹ wo bí akọ̀ròyìn ti pọ̀ ju oníṣẹ́ lọ! Wọ́n dúró níwájú kámẹ́rà pẹ̀lú ojú líle, wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni ó fẹ́ ṣẹlẹ̀. Ẹnu ọ̀nà tí àwọn ẹlẹ́fẹ̀ gbà wọlé nìyí.

Àwọn ẹlẹ́fẹ̀ wọlé

Iléeṣẹ́ tẹlifísọ̀n kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Comedy Central. Àwàdà nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1992, ó rán àwọn aláwàdà láti tẹ̀lé àpéjọ ẹgbẹ́ méjèèjì, Al Franken sì ni olórí wọn. Wọ́n pe ètò náà ní Indecision 92. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé a kò tíì mọ èyí tí a ó yàn. Wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni, nítorí pé iléeṣẹ́ NBC máa ń pe ètò ìdìbò tirẹ̀ ní Ìpinnu. Ohun tí ó pani lẹ́rìn-ín ni pé Al Franken fúnra rẹ̀ di sẹ́nétọ̀ ní ọdún 2009.

Ní oṣù Agẹmọ ọdún 1996, obìnrin méjì, Lizz Winstead àti Madeleine Smithberg, dá ètò kan sílẹ̀ lórí iléeṣẹ́ náà. Wọ́n pè é ní The Daily Show. Ó jọ ìròyìn alẹ́ ní gbogbo ọ̀nà, àfi pé ẹ̀fẹ̀ ni. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1999, Jon Stewart di olóòtú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ òṣèlú ti gba iwájú nínú ètò yìí.

Lásìkò ìpolongo fún ìdìbò ọdún 2000, ọ̀kan nínú àwọn òṣèré wọn, Steve Carell, wọ ọkọ̀ ìpolongo John McCain. Àwọn akọ̀ròyìn fẹ́ràn McCain, ìbéèrè wọn sì ń rọ̀. Carell bi í pé: ẹ̀yin ni ẹ ń pariwo pé kí ìjọba má fi owó ìlú ṣòfò, báwo wá ni ìgbìmọ̀ tí ẹ jẹ́ alága rẹ̀ ṣe ná owó tí òfin kò fọwọ́ sí tó bẹ́ẹ̀? McCain dákẹ́. Gbogbo ọkọ̀ dákẹ́. Carell bá ní àwàdà ni òun ń ṣe, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ni. Aláwàdà ni ó béèrè rẹ̀.

Wọ́n lọ sí àpéjọ àwọn Rìpọ́blíkánì ní Philadelphia àti ti àwọn Dẹmókírátì ní Los Angeles. Nígbà tí ìdìbò parí, orúkọ ètò wọn di òtítọ́. Ọjọ́ 36 ni Amẹ́ríkà fi wà láìmọ ààrẹ rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Florida, ìbò 537 péré ni George W. Bush fi ju Al Gore lọ, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ni ó sì fi òpin sí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n fún The Daily Show ní ẹ̀bùn Peabody fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìdìbò náà. Ẹ̀bùn tí akọ̀ròyìn gidi ń wá ni. Wọ́n tún gbà á fún ìdìbò ọdún 2004.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Ọ̀nà tí ó lágbára jù lọ nínú iṣẹ́ wọn kò ṣòro: wọ́n ń tọ́jú ọ̀rọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn ń wo tẹlifísọ̀n lójoojúmọ́, wọ́n ń gba ohun tí olóṣèlú sọ sílẹ̀. Bí ó bá sọ òmíràn lónìí, wọn yóò wá ti àná jáde, wọn yóò sì fi méjèèjì han aráyé pọ̀.

Ní ọdún 2003, wọ́n fi Bush bá Bush jiyàn. Wọ́n mú ọ̀rọ̀ tí Bush sọ ní ọdún 2000, nígbà tí ó jẹ́ gómìnà, pé kò yẹ kí Amẹ́ríkà máa lọ tún orílẹ̀-èdè àwọn ẹlòmíràn tò fún wọn. Wọ́n gbé e dojú kọ ọ̀rọ̀ Bush kan náà nígbà tí ó di ààrẹ, tí ogun Iraq ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan náà ni, ṣùgbọ́n bí ọ̀tá méjì ni wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ tún gbọ́ ti ọdún 2008. Ní oṣù Ògún ọdún náà, àwọn ènìyàn ń dárúkọ Tim Kaine pé ó lè di igbákejì Obama. Karl Rove, ọ̀kan nínú àwọn àgbà òṣèlú Rìpọ́blíkánì, ní ìrírí Kaine kò tó: ọdún mẹ́ta péré ni ó ti fi jẹ́ gómìnà, ìlú Richmond tí ó sì ti ṣe olórí rẹ̀ rí kò tóbi. Oṣù náà kò tíì parí tí àwọn Rìpọ́blíkánì fi mú Sarah Palin ṣe igbákejì McCain. Palin kò tíì pé ọdún méjì lórí ipò gómìnà. Ìlú Wasilla tí ó ti ṣe olórí rẹ̀ rí, ènìyàn inú rẹ̀ kò tó 10,000, nígbà tí ti Richmond tó 200,000. Rove yìn ín, ó ní ó ní ìrírí. Nígbà àpéjọ àwọn Rìpọ́blíkánì ní Saint Paul, The Daily Show gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì jáde tẹ̀léra. Wọn kò bú Rove. Ẹnu ara rẹ̀ ni ó dá a lẹ́jọ́.

Ẹ rí i pé àwọn àgbà kò purọ́: «Ẹni tó ṣu máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.»

Àǹfààní àti àléébù rẹ̀

Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn ètò náà púpọ̀. Iléeṣẹ́ ìwádìí Pew sọ ní ọdún 2004 pé nínú 100 ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, 21 ni ó máa ń gbọ́ nípa ìpolongo ìbò lórí ètò àwàdà. Ní ọdún 2000, 9 péré ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ìròyìn gidi ti sú.

Ṣùgbọ́n àléébù wà níbẹ̀. Àwọn olùkọ́ yunifásítì méjì ṣe ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2006. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n wo The Daily Show wá ń rò pé àwọn lóye òṣèlú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n wọn kò fi ojú rere wo olùdíje kankan mọ́, ìgbẹ́kẹ̀lé tí wọ́n ní nínú ìdìbò sì dín kù. Ẹni tí ó bá ń rẹ́rìn-ín gbogbo ènìyàn lè wí pé: «Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn», kí ó sì jókòó sílé lọ́jọ́ ìdìbò.

Àwọn olóṣèlú náà kò sùn. Nígbà tí wọ́n rí i pé ènìyàn ń wo ẹlẹ́fẹ̀, wọ́n lọ jókòó tì í. John Kerry lọ síbẹ̀ ní ọdún 2004, lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fà á kalẹ̀. Obama lọ síbẹ̀ ní ọdún 2010, nígbà tí ó wà lórí oyè ààrẹ. Ó ṣòro láti fi ẹni tí ó jókòó tì ọ́, tí ó ń bá ọ rẹ́rìn-ín, ṣe ẹ̀fẹ̀ dáadáa.

Kì í ṣe ibi gbogbo ni ọba kì í mú ọ̀kọrin

Ní ilẹ̀ Áfíríkà wa níhìn-ín, oníṣègùn ọkàn kan ní Íjíbítì, Bassem Youssef, wo iṣẹ́ Jon Stewart, ó sì bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní èdè Lárúbáwá ní ọdún 2011. Àìmọye ènìyàn ni ó ń wò ó. Ní ọdún 2013, ìjọba Ààrẹ Morsi ní kí wọ́n mú un, wọ́n sì bi í ní ìbéèrè títí. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba, ó ṣe ẹ̀fẹ̀ nípa tiwọn náà. Ní ọdún 2014, ó pa ètò náà tì nítorí ewu, ó sì fi ìlú sílẹ̀. Nítorí náà, ibi tí ẹlẹ́fẹ̀ bá ti lè sọ̀rọ̀ kí ó sì sùn sílé rẹ̀, òmìnira wà níbẹ̀. Kì í ṣe nǹkan kékeré.

Jon Stewart fi ètò náà sílẹ̀ ní ọdún 2015. Trevor Noah, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, gba ipò rẹ̀ títí di ọdún 2022. Ní ọdún 2024, Stewart padà wá láti máa ṣe é ní ọjọ́ Ajé. Ní oṣù Agẹmọ ọdún náà, wọ́n fẹ́ lọ sí àpéjọ àwọn Rìpọ́blíkánì ní Milwaukee. Ọjọ́ díẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ẹnìkan yìnbọn lu Donald Trump níbi ìpolongo. Wọn kò lọ mọ́, New York ni wọ́n ti ṣe ètò náà. Ẹ̀fẹ̀ ní àkókò tirẹ̀, ẹlẹ́fẹ̀ tí ó gbọ́n sì mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀kọ́ wo ni ó wà níbẹ̀ fún wa?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ má wí pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ni. Agbára àwọn ẹlẹ́fẹ̀ yìí kò sí nínú ẹ̀rín nìkan. Ó wà nínú ohun tí wọ́n tọ́jú. Ẹni tí kò rántí ọ̀rọ̀ àná, ẹnikẹ́ni lè tún un tà fún un lónìí.

Ẹ̀yin kò ní iléeṣẹ́ tẹlifísọ̀n, ṣùgbọ́n ẹ ti mọ ìwé kọ báyìí. Bí olóṣèlú bá wá sí abúlé yín, tí ó ṣèlérí kànga, ọ̀nà tàbí ilé ìwòsàn, ẹ mú ìwé kékeré kan. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ náà, ẹ kọ ohun tí ó sọ. Nígbà tí ó bá padà wá, ẹ ṣí ìwé náà, kí ẹ kà á sí i létí. Kò sí èébú níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ ìkàwé

1. Kí ni ó sọ àpéjọ àwọn olóṣèlú Amẹ́ríkà di àríyá?
2. Kí ni ẹ̀fẹ̀ lè ṣe fún ìlú? Kí ni kò lè ṣe?
3. Ìlérí wo ni wọ́n ṣe fún abúlé yín nígbà ìdìbò tí ó kọjá? Ta ni ó kọ ọ́ sílẹ̀?