Amúkùn-ún, Ẹrù Rẹ Wọ́: Ìtàn Géèmù Tí Wọ́n Sin Sí Ààtàn

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 2014, afẹ́fẹ́ ń gbé iyanrìn káàkiri lórí ààtàn àtijọ́ kan ní ìlú Alamogordo, ní ìpínlẹ̀ New Mexico, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn dúró sínú eruku náà, wọ́n bo imú, wọ́n ń wo katakata tó ń walẹ̀. Kì í ṣe wúrà ni wọ́n ń wá. Kásẹ́ẹ̀tì géèmù ni. Nígbà tó yá, àwọn tó ń walẹ̀ gbé ọ̀kan sókè. Páálí rẹ̀ ti rún, ṣùgbọ́n orúkọ tó wà lára rẹ̀ ṣì ṣeé kà: E.T. Ni èrò bá hó yèè. Ọkùnrin kan wà láàrin wọn tí ojú rẹ̀ kún fún omijé. Howard Scott Warshaw ni, ẹni tó kọ géèmù náà.

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń pe E.T. ní géèmù tó burú jù lọ láyé. Bí ìwé ìròyìn kan bá ka àwọn géèmù tí kò dára sílẹ̀, òun ni wọ́n sábà máa ń fi ṣáájú. Wọ́n ní òun ló pa Atari, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é jáde. Wọ́n ní òun ló da òwò géèmù Amẹ́ríkà rú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò sì fọwọ́ kan kásẹ́ẹ̀tì náà rí.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní wọ́n sọ fún amúkùn-ún pé ẹrù rẹ̀ wọ́, ó ní òkè ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ìsàlẹ̀. Ẹrù E.T. wọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni ẹjọ́ wà, ibẹ̀ ni ó sì yẹ kí á wò.

Nolan Bushnell àti Ted Dabney ló dá Atari sílẹ̀ ní California lọ́dún 1972. Pong, géèmù tẹníìsì orí tábìlì wọn, ló sọ wọ́n di olókìkí. Ní 1976, ilé-iṣẹ́ ńlá Warner Communications ra Atari ní mílíọ̀nù 28 dọ́là. Ọdún kejì rẹ̀ ni ẹ̀rọ tí wọ́n kọ́kọ́ pè ní VCS, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Atari 2600, bọ́ sọ́jà. Kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń ki bọ ẹ̀rọ yìí, irú èyí tí àwọn ọmọ Èkó àti Ìbàdàn wá mọ̀ dáadáa ní àwọn ọdún 1990, tí wọ́n máa ń fẹnu fẹ́ nídìí kí wọ́n tó kì í bọ ojú rẹ̀. Nígbà tí Space Invaders dé orí Atari 2600 ní 1980, àwọn ìdílé ń ra odindi ẹ̀rọ nítorí géèmù kan ṣoṣo náà.

Owó ń wọlé, ṣùgbọ́n àwọn tó ń kọ géèmù kò rí nǹkan kan jẹ níbẹ̀ ju owó oṣù wọn lọ. Orúkọ wọn kì í sí lára páálí. Ìdí nìyí tí Warren Robinett fi fi orúkọ ara rẹ̀ pamọ́ sínú yàrá ìkọ̀kọ̀ kan nínú géèmù rẹ̀, Adventure. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ló lé mẹ́rin nínú àwọn tó mọ iṣẹ́ náà jù kúrò níbẹ̀ ní 1979: David Crane, Larry Kaplan, Alan Miller àti Bob Whitehead. Àwọn àti Jim Levy ni wọ́n jọ dá Activision sílẹ̀, wọ́n sì ń kọ géèmù fún ẹ̀rọ Atari láti ìta.

Iṣẹ́ ọ̀hún kì í ṣe kékeré. Gbogbo ìrántí tí Atari 2600 fi ń ṣiṣẹ́ kò ju báìtì 128 lọ. Gbólóhùn gígùn kan nínú àpilẹ̀kọ yìí kò lè gbà sínú rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò ní ibi tó lè kó odindi àwòrán pamọ́ sí, nítorí náà ẹni tó ń kọ géèmù gbọ́dọ̀ máa sọ fún un bí yóò ṣe ya ìlà kọ̀ọ̀kan, bí iná tẹlifíṣọ̀n ṣe ń sáré kọjá lójú gíláàsì. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀, àwòrán bàjẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló sì sábà máa ń ro géèmù, tí yóò kọ ọ́, tí yóò fi ohùn sí i.

Warshaw wà lára àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ti Hewlett-Packard wá sí Atari ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1981. Géèmù rẹ̀ àkọ́kọ́, Yars' Revenge, jáde ní 1982: kòkòrò kan tó ń fò, tó ń jẹ odi ọ̀tá wọlé díẹ̀díẹ̀. Títí dòní, àwọn olólùfẹ́ Atari ṣì ń kà á mọ́ àwọn tó dùn jù lọ lórí ẹ̀rọ náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ó kọ Raiders of the Lost Ark, tí wọ́n yọ látinú fíìmù Steven Spielberg. Ẹ jẹ́ kí èyí yé wa dáadáa. Ẹni tí wọ́n ní ó kọ géèmù tó burú jù láyé ni ó kọ ọ̀kan nínú àwọn tó dára jù lórí ẹ̀rọ kan náà. Ọdún kan náà sì ni méjèèjì jáde.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ láàrin wọn? Àkókò ni.

Fíìmù E.T. ti Spielberg jáde ní oṣù Kẹfà 1982, gbogbo Amẹ́ríkà sì ń rọ́ lọ wò ó. Steve Ross, ọ̀gá Warner, fẹ́ kí géèmù rẹ̀ wà. Wọ́n ròyìn pé owó tí wọ́n fi gba àṣẹ náà tó mílíọ̀nù 20 dọ́là, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdúnàádúrà náà ń lọ títí di ìparí oṣù Keje. Nígbà tí ìpè Ray Kassar, ọ̀gá Atari, dé ọ̀dọ̀ Warshaw ní ọjọ́ 27 oṣù náà, ó ti pẹ́ jù. Kí kásẹ́ẹ̀tì tó lè bá ọjà Kérésìmesì, géèmù gbọ́dọ̀ parí ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún àti ọjọ́ díẹ̀ nìyẹn, fún iṣẹ́ tó sábà máa ń gba oṣù márùn-ún tàbí mẹ́fà.

Warshaw gbà. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìpè náà ni ó ti ní láti fò lọ sọ ohun tó ní lọ́kàn fún Spielberg. Spielberg bi í bóyá kò lè ṣe ohun tó jọ Pac-Man. Ọ̀nà tó rọrùn nìyẹn: fi ẹ̀dá inú fíìmù sínú géèmù tí gbogbo ayé ti mọ̀, kí owó máa wọlé. Warshaw kọ̀. Ó fẹ́ kí géèmù náà ní ìtàn tirẹ̀. Wọ́n gbé irinṣẹ́ lọ sí ilé rẹ̀ kí ó lè máa ṣiṣẹ́ nígbàkígbà tí kò bá ti sùn. Ó sì parí rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dá.

Ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì náà yàtọ̀ sí ohun tí ọ̀pọ̀ géèmù ìgbà náà ń ṣe. Kò sí ìbọn níbẹ̀, a kì í pa ẹnikẹ́ni. E.T., àjèjì tó ti ojú ọ̀run wá, balẹ̀ sínú igbó, ó fẹ́ padà sílé. Ó gbọ́dọ̀ wá ègé mẹ́ta tẹlifóònù tó fọ́n ká sínú kòtò, kí ó tò ó pọ̀, kí ó pe àwọn èèyàn rẹ̀, kí ó sì dúró síbi tí ọkọ̀ wọn yóò ti wá gbé e kí àkókò tó tán. Agbára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 9999, gbogbo ìrìn tó bá rìn ló ń jẹ nínú rẹ̀. Súìtì ilẹ̀ tó bá ṣà ń dá agbára padà. Ọlọ́pàá FBI ń lé e láti gba ègé tẹlifóònù lọ́wọ́ rẹ̀, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń fẹ́ gbé e lọ, Elliott, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ń ràn án lọ́wọ́. Ojú ìran mẹ́fà ni géèmù náà ní, wọ́n sì so wọ́n pọ̀ bí ẹ̀gbẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà àpótí: igbó wà níbẹ̀, pápá oníkòtò mẹ́rin wà níbẹ̀, ìlú Washington náà wà níbẹ̀. Ibi tí ègé tẹlifóònù wà kì í jọra lẹ́ẹ̀mejì. Òdòdó kan tilẹ̀ wà tí E.T. lè jí dìde, tí yóò sì di kòkòrò inú Yars' Revenge lójú ẹni tó mọ àṣírí rẹ̀.

Ẹni tó bá ń gbá a gbọ́dọ̀ mọ ohun tí àmì kéékèèké òkè tẹlifíṣọ̀n ń wí: èyí ń fi ibi tí ègé wà hàn, èyí ń pe Elliott, èyí ń lé ọ̀tá lọ. Inú ìwé pẹlẹbẹ tó bá kásẹ́ẹ̀tì wá ni àlàyé wọn wà. Ẹni tí wọn kò kọ́ láyò, tó kàn jókòó ti ọpọ́n, yóò máa kó ọmọ ayò láti ihò dé ihò láìmọ ohun tó ń ṣe. A kò lè tìtorí tirẹ̀ sọ pé ayò kò dùn. Àwọn ọmọ tó ṣí páálí E.T. láàárọ̀ Kérésìmesì, tí wọ́n ju ìwé rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò gbá géèmù tí Warshaw kọ.

Àléébù rẹ̀ wà, kò sì yẹ kí á bò ó. Kòtò ni. Bí orí E.T. bá kan etí kòtò lásán, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ tilẹ̀ wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ, yóò já sínú rẹ̀. Yóò na ọrùn, yóò gòkè wá. Bí ọwọ́ ẹni tó ń gbá a kò bá sì yá, yóò tún já padà. Èyí bí àwọn ọmọdé nínú, ó sì tọ́ kí ó bí wọn nínú. Oṣù kan sí i láti dán an wò ì bá ti tún un ṣe. Àwọn tó dá ọjọ́ ni kò fún un ní oṣù náà.

Ọjà kò sì kọ̀ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ. Ó lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ E.T. tí wọ́n tà, iye tó mú un wọ ara àwọn géèmù Atari tó tà jù lọ. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé Atari ti ṣe nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́rin. Irú àṣejù yìí ni wọ́n ti ṣe lórí Pac-Man tiwọn nínú ọdún kan náà. Pac-Man yẹn tà tó mílíọ̀nù méje, síbẹ̀ kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kún ilé ìkẹ́rùsí. Warshaw kọ́ ló pinnu iye tí wọn yóò ṣe.

Nígbà tó di ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 1982, Atari kéde pé èrè òun kò ní tó iye tí òun ti sọ tẹ́lẹ̀. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta iye ìpín ìdókòwò Warner ló wọmi lọ́jọ́ kejì. Ẹ wo ọjọ́ yẹn dáadáa: E.T. ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọjà ni. Àìsàn náà ti wà lára Atari kí ọmọ yìí tó dé. Ẹ̀rọ géèmù ti pọ̀ jù lórí àtẹ, ilé-iṣẹ́ tí kò mọ nǹkan kan nípa géèmù ń kó géèmù jáde, kọ̀ǹpútà ilé bíi Commodore 64 sì ń gba oníbàárà wọn. Ní 1983, Atari pàdánù ohun tó lé ní mílíọ̀nù 500 dọ́là. Kò sí kásẹ́ẹ̀tì kan tó lè dá irú òfò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní òun nìkan.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn ni àwọn ọkọ̀ akẹ́rù gbéra láti ilé ìkẹ́rùsí Atari ní El Paso, Texas, wọ́n da ẹrù wọn sí ààtàn Alamogordo, wọ́n fi katakata rún un, wọ́n sì da kọnkéré lé e. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti ń lọ láti ẹnu dé ẹnu: ibojì E.T. nìyẹn, mílíọ̀nù kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ìtìjú ló mú wọn sin ín.

Nígbà tí wọ́n wá wú u ní 2014 fún fíìmù Zak Penn tí wọ́n pè ní Atari: Game Over, ilẹ̀ sọ òtítọ́. James Heller, ọ̀gá Atari àtijọ́ tó bójú tó ìsìnkú náà, wà níbẹ̀. Ó ní kásẹ́ẹ̀tì 728,000 ni wọ́n sin, kì í ṣe mílíọ̀nù mélòó kan. Nínú nǹkan bí 1,300 tí wọ́n wú jáde, ìwọ̀nba díẹ̀ ni E.T. Centipede wà níbẹ̀. Missile Command wà níbẹ̀. Defender wà níbẹ̀. Géèmù tí gbogbo ayé fẹ́ràn ni gbogbo wọn, inú ààtàn kan náà ni wọ́n sì sun. Ọjà tí ilé-iṣẹ́ kan kò rí tà ni wọ́n kó dà nù, E.T. kàn wà lára wọn ni.

Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ kò dúró de ọjọ́ yẹn kí wọ́n tó jà fún un. Ní 2013, olólùfẹ́ kan tú ètò rẹ̀ palẹ̀, ó wá ibi tí ìṣòro kòtò ti wá, ó sì tún un ṣe. Báìtì díẹ̀ ló yí padà, E.T. sì ń rìn létí kòtò láìjábọ́. Ohun tí àtúnṣe náà fi hàn ni pé ara géèmù náà le, ìyókù iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ márùn-ún dúró dáadáa.

Ìlú Alamogordo ta ọ̀pọ̀ nínú àwọn kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n wú, ó sì pa ohun tó lé ní 100,000 dọ́là. Warshaw fi òwò géèmù sílẹ̀ tipẹ́, ó di olùtọ́jú ọkàn fún àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní California, ó sì kọ ìwé Once Upon Atari ní 2020 láti fẹnu ara rẹ̀ ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ dá ẹjọ́ E.T. lónìí, kí ó kọ́kọ́ ka ìwé pẹlẹbẹ rẹ̀ tán. Kí ó yan ìpele kẹta, níbi tí ọlọ́pàá àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kò sí, kí ó mọ ọ̀nà. Lẹ́yìn náà kí ó padà sí ìpele kìíní, kí ó to tẹlifóònù náà pọ̀, kí ó sì mú E.T. dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀ nínú igbó. Ẹni tó bá ṣe èyí tán lẹ́ẹ̀kan lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bóyá ó dùn tàbí kò dùn. Ọ̀kan nínú àwọn kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n hú láti ààtàn Alamogordo wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington báyìí, nínú ìlú kan náà tí Warshaw yà sínú géèmù rẹ̀ lọ́dún 1982.