Paul Stewart, Ọmọ Wythenshawe: Láti Iwájú sí Ààrin Pápá

Ní 1926, ìjọba ìlú Manchester ra ilẹ̀ oko gbọọrọ lọ́wọ́ ìdílé Tatton ní gúúsù ìlú náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé síbẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ tí ilé há mọ́ láàrin ìlú. Bí Wythenshawe ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lóde òní, àwọn agbábọ́ọ̀lù Marcus Rashford àti Cole Palmer ni ayé mọ̀ mọ́ àdúgbò náà, ṣùgbọ́n Paul Stewart ti ṣáájú wọn. Ọjọ́ 7, oṣù Kẹwàá, 1964 ni wọ́n bí i.

Ẹgbẹ́ Blackpool ni Stewart ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bọ́ọ̀lù ní sáà 1981 sí 1982. Ní oṣù Kẹta 1987, Manchester City rà á ní 200,000 pọ́n-ùn. Atamátàsé ni nígbà náà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, City na Huddersfield Town ní góòlù 10 sí 1. Stewart, Tony Adcock àti David White jẹ góòlù mẹ́ta mẹ́ta. Lẹ́yìn sáà náà ni Tottenham san mílíọ̀nù 1.7 pọ́n-ùn lé e lórí.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, góòlù kò wá tó bí àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà ṣe retí. Nígbà tó yá, Terry Venables, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, fà á sẹ́yìn sí ààrin pápá. Ìpinnu yìí ni mo kà sí pàtàkì jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Ó taagun, ó lè gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ alátakò, kò sì gbàgbé ọ̀nà àwọ̀n. Ọjọ́ 18, oṣù Karùn-ún, 1991 ni èso rẹ̀ hàn kedere, nígbà tí Tottenham pàdé Nottingham Forest ní Wembley nínú àṣekágbá ife ẹ̀yẹ FA. Paul Gascoigne ti Tottenham ṣèṣe, wọ́n sì gbé e kúrò lórí pápá kí abala àkọ́kọ́ tó dé ìdajì. Stuart Pearce ti fi Forest síwájú. Gary Lineker gbá pẹnáríìtì fún Tottenham, aṣọ́lé mú un. Stewart ló wá gbá bọ́ọ̀lù wọlé láti sọ ọ́ di ọ̀mì, kí Des Walker ti Forest tó fi orí kan bọ́ọ̀lù sáwọ̀n ẹgbẹ́ ara rẹ̀ ní àfikún àkókò. Tottenham gba ife náà ní 2 sí 1.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wọ aṣọ England. Liverpool rà á ní 1992 ní mílíọ̀nù 2.3 pọ́n-ùn, àmọ́ nǹkan kò ṣẹnuure níbẹ̀, wọ́n sì ń yá a fún àwọn ẹgbẹ́ mìíràn. Síbẹ̀, ó wà pẹ̀lú Crystal Palace nígbà tí wọ́n gòkè sí Premier League ní 1994, ó sì wà pẹ̀lú Sunderland nígbà tí àwọn náà gòkè ní 1996. Stoke City ni ó gbẹ̀yìn rẹ̀ nínú líìgì, ní 1998.

Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, Stewart ń gbé ìrora kan tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní oṣù Kọkànlá 2016, lẹ́yìn tí Andy Woodward, agbábọ́ọ̀lù tẹ́lẹ̀ rí, ti kọ́kọ́ sọ tirẹ̀, ó fi yé aráyé pé akọ́nimọ̀ọ́gbá àwọn ọmọdé kan fi ìbálòpọ̀ fìyà jẹ òun fún ọdún mẹ́rin nígbà èwe òun, tó sì ń halẹ̀ láti pa àwọn òbí òun bí òun bá sọ̀rọ̀. Ìgboyà ńlá ni. Àwọn mìíràn jáde sọ tiwọn, FA, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù ní England, sì ní kí agbẹjọ́rò Clive Sheldon ṣèwádìí. Àbọ̀ ìwádìí náà, tó jáde ní oṣù Kẹta 2021, ka ó kéré tán 692 èèyàn tí irú ìyà bẹ́ẹ̀ jẹ nínú bọ́ọ̀lù láàrin 1970 sí 2005. Ó sì sọ pé láàrin 1995 sí 2000, FA fi nǹkan falẹ̀ jù láti dáàbò bo àwọn ọmọdé.