Géèmù Tí Ẹnikẹ́ni Kì Í Ti Í Jẹ́ Ọ̀tá

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá àbíkẹ́yìn mi ní pálọ̀, ó ń ṣeré géèmù ogun lórí fóònù. Mo ní, "Ta lò ń yìn níbọn?" Ó ní, "Dádì, àwọn ọ̀tá ni." Mo ní, "Kí ni wọ́n ṣe fún ẹ?" Kò rí èsì fọ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn rán mi létí ìtàn kan. Lọ́dún 1999, àwọn ológun Amẹ́ríkà ò rí ọ̀dọ́ tó pọ̀ tó gbà síṣẹ́. Ọ̀gágun kan, Casey Wardynski, ní kí wọ́n ṣe géèmù. Ọjọ́ 4, oṣù Keje, 2002, ọjọ́ òmìnira wọn, ni America's Army jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni. Kò tíì pé ọdún kan tí àwọn agbésùnmọ̀mí kọlu New York.

Wọn ò ṣe é bí eré lásán. Wàá kọ́kọ́ kọ́ ìbọn yíyìn. Tó o bá yìnbọn lu ẹni tiyín, àtìmọ́lé ni wọ́n máa jù ẹ́ sí nínú géèmù náà.

Ibi tó yà mí lẹ́nu nìyí: ẹgbẹ́ méjì ló ń bára wọn jà, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń rí ara rẹ̀ bíi sójà Amẹ́ríkà. Lójú tèmi, ìwọ ni agbésùnmọ̀mí. Lójú tìrẹ, èmi ni. Kò sẹ́ni tó fìgbà kankan jẹ́ ọ̀tá!

Lọ́dún 2003, Hezbollah ní Lẹ́bánónì gbé Special Force tiwọn jáde. Níbẹ̀, sójà Ísírẹ́lì lọmọ ń yìnbọn fún. Ọgbọ́n kan náà ni, ojú ọ̀tá nìkan ló yàtọ̀.

Ẹ gbọ́ o. Ìwàásù mi, ẹ lè sùn lọ nídìí ẹ̀, ẹ sì lè bá mi jiyàn. Ṣùgbọ́n nínú géèmù, ọwọ́ ara ẹni lèèyàn fi ń ṣe é. Ohun tọ́wọ́ bá ṣe nígbà ẹgbẹ̀rún, ọkàn kì í bi í léèrè mọ́.

Lóṣù Karùn-ún 2022, wọ́n ti America's Army pa. Àwọn ọmọ tó fi dàgbà ti di bàbá ọmọ báyìí.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. N ò gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ mi. Mo jókòó tì í, mo ní, "Tó bá jẹ́ pé ọ̀tá yẹn ló ṣe géèmù yìí, báwo ló ṣe máa ya ìwọ?" Ó dá eré dúró, ó ń wò mí.

Ẹ̀yin òbí, ẹ bi tiyín náà. Kí Olúwa bá wa tọ́ wọn o. Àmín.