Yggdrasil: Orúkọ Igi Ayé àti Àdììtú Inú Rẹ̀

Yggdrasil ni orúkọ igi ńlá tí ó dúró ní àárín ayé nínú ìtàn ìwáṣẹ̀ àwọn tí ó ń gbé Nọ́rwè, Swídìn, Dẹ́nmárkì àti Íslándì láyé àtijọ́. Inú ìwé Íslándì méjì ni a ti mọ̀ nípa rẹ̀ jùlọ: Edda tí Snorri Sturluson kọ ní nǹkan bí ọdún 1220, àti àkójọ ewì àtijọ́ tí a kọ sórí awọ ní nǹkan bí ọdún 1270. Gbòǹgbò mẹ́ta ni igi náà ní. Idì kan bà sí orí rẹ̀, ejò Níðhöggr ń gé gbòǹgbò rẹ̀ jẹ, ọ̀kẹ́rẹ́ Ratatoskr sì ń gbé ọ̀rọ̀ èébú lọ gbé e bọ̀ láàárín àwọn méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ méjì ni ó para pọ̀ di orúkọ yìí. Yggr, tí ó túmọ̀ sí "Ẹlẹ́rù", jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn oríkì òrìṣà Odin. Drasill jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn akéwì ń lò fún ẹṣin. "Ẹṣin Odin" ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní tààrà. Ìfọ̀rọ̀dárà ni ó sọ igi di ẹṣin. Àwọn akéwì èdè náà a máa pe igi tí a fi ń yẹgi fún ènìyàn ní ẹṣin, bí ẹni pé ẹni tí ó ń fì lórí rẹ̀ gùn ún ni.

Ewì Hávamál fi ìdí ọ̀rọ̀ hàn. Odin fúnra rẹ̀ sọ níbẹ̀ pé òun so rọ̀ sórí igi fún òru mẹ́sàn-án, láìjẹ láìmu, pẹ̀lú ọgbẹ́ ọ̀kọ̀ lára, tí òun fi ara òun rúbọ sí ara òun, kí ọwọ́ òun tó tẹ àwọn lẹ́tà rúnì. Ewì náà kò dárúkọ igi náà, ṣùgbọ́n Yggdrasil ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ó jẹ́.

Àríyànjiyàn wà lórí èyí. Àwọn kan tọ́ka sí i pé orúkọ náà kò ní àmì ohun-ìní tí gírámà èdè náà ń béèrè. "Igi ẹ̀rù" ni wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí. Àwọn mìíràn ní igi tí Odin ń so ẹṣin rẹ̀ mọ́ ni. Àwọn kan sì fura pé ìtàn Jésù lórí igi àgbélébùú ni ó wọ inú ewì náà, nítorí Kìrìsìtẹ́nì ni àwọn tí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọdún 1075, Adam ará Bremen ti ròyìn pé wọ́n ń so òkú ènìyàn àti ti ẹranko tí a fi rúbọ rọ̀ nínú igbó òrìṣà ní Uppsala, ní Swídìn. Odin náà sì ń jẹ́ Hangatýr, òrìṣà àwọn tí a so rọ̀.

Nítorí náà, ìtumọ̀ "ẹṣin Odin" ṣì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tẹ̀ lé. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, igi kan náà tí ó gbé gbogbo ayé ró ni igi tí Odin so rọ̀ sórí rẹ̀ kí ó tó rí ìmọ̀.