Ọmọ Tó Mọ Ìṣirò, Tí Kò Lè Kọ Orúkọ Ara Rẹ̀

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1896, W. Pringle Morgan, dókítà kan ní ìlú Seaford, létí òkun gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin ọlọ́dún 14 kan sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, British Medical Journal. Percy ni ó pe ọmọ náà. Láti ìgbà tí Percy ti wà lọ́mọ ọdún méje ni àwọn olùkọ́ ti ń bá a ṣe wàhálà, síbẹ̀ agbára káká ni ó fi ń ka ọ̀rọ̀ tó kúrú jù lọ. Nígbà tí ó kọ orúkọ ara rẹ̀, “Precy” ni ó kọ, kò sì rí àṣìṣe náà títí wọ́n fi pe àkíyèsí rẹ̀ sí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ọmọ yìí kan náà ni ó sọ 749 di púpọ̀ lọ́nà 867 kíákíá, tí ó sì gbà á. Olùkọ́ rẹ̀ ní ká ní ẹnu nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ni ni, òun ni ì bá mọ̀wé jù nílé ẹ̀kọ́ náà. Lọ́dọ̀ tiwa, olódo ni wọn ì bá pè é, ọ̀rọ̀ ì bá sì parí síbẹ̀.

Morgan ti ka iṣẹ́ James Hinshelwood, oníṣègùn ojú ní Glasgow, lórí àwọn àgbàlagbà tí àrùn ọpọlọ gba ìwé kíkà lọ́wọ́ wọn. Ohun tí ó fi kún un ni pé a lè bí ìṣòro náà mọ́ ènìyàn.

Ní 1905, Binet àti Simon gbé ìdánwò òye jáde ní Paris. Nígbà tó yá, ìdánwò yìí di ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn òfin Amẹ́ríkà ti 1975, ìlànà 1977 béèrè pé kí àlàfo ńlá wà láàárín òye ọmọ àti ìwé tí ó mọ̀ kí wọ́n tó gbà pé ó ní ìṣòro ìkẹ́kọ̀ọ́. Irú Percy rí ọ̀nà wọlé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí máàkì òye rẹ̀ kò ga ńkọ́? Òun náà kò mọ̀ ọ́n kà, ìlànà sì tì í síta.

Aburú ibẹ̀ tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1986, Keith Stanovich ṣàlàyé pé ìwé kíkà fúnra rẹ̀ ń fi ọ̀rọ̀ àti ìmọ̀ kún orí ọmọ, ohun tí ìdánwò òye sì ń wọ̀n nìyẹn. Ọ̀dọ́ tí kò kàwé fún ọdún mẹ́jọ lè pàdánù máàkì tí ì bá fi rí ìrànlọ́wọ́ gbà.

Ní 2004, Amẹ́ríkà tún òfin náà ṣe: ìpínlẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ sọ àlàfo náà di dandan mọ́. Ní 2009, ọdún 113 lẹ́yìn Percy, ìjábọ̀ Jim Rose fún ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ìṣòro ìwé kíkà yìí ń bá ọlọ́pọlọ pípé àti ẹni tí òye rẹ̀ kéré jà bákan náà.